Bí ẹ ṣe lè dán oògùn egungun rírọ̀ wò fún orúnkún tó ń dunni, láì fi owó àti ara ṣòfò

Lórí káńtà tí mo ti ń ta oògùn ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, wọ́n sábà máa ń na fóònù sí mi: àwòrán ìgò kan, orúnkún tó ń tàn yòò lára rẹ̀, àti ìbéèrè kan náà. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní egungun rírọ̀ ẹranko ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé ó máa jẹ́ kí Màmá mi lè kúnlẹ̀ padà?"

Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ó lè dín ìrora kù díẹ̀ fún àwọn kan. Ọ̀pọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Kò sì sí èyí tí wọ́n ti fi hàn pé ó ń mú egungun rírọ̀ (cartilage) tó ti jẹ tán hù padà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kò burú, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ìdánwò ni, kó sì ti mú ọjọ́ tí yóò dá a dúró kó tó ṣí ìdérí rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìrora tó jẹ́

Orí irú làkúrègbé kan ni wọ́n ti dán àwọn oògùn wọ̀nyí wò jù: èyí tí ọjọ́ orí, sísanra àti iṣẹ́ àṣelàágùn máa ń fà, tí egungun rírọ̀ tó bo orí egungun nínú oríkèé ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: tí ẹ bá rìn tàbí gun òkè, ó ń dùn yín, tí ẹ bá sinmi, ó ń rọlẹ̀, láàárọ̀, orúnkún máa ń le, ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, ó ti ń tú.

Tí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá wà níbẹ̀, ẹ fi ìgò sílẹ̀, ẹ wá dókítà lọ:

- Oríkèé kan ṣàdédé wú, ó gbóná, ibà sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú rẹ̀, ó sì lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.
- Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí iná lóru, ó pọ́n, aṣọ kò ṣeé fi kàn án. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gout, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.
- Àwọn oríkèé kéékèèké ọwọ́ ń wú lápá ọ̀tún àti òsì, tí líle àárọ̀ sì ń kọjá wákàtí kan.
- Ẹni náà ṣubú, tàbí ó já bọ́ lórí ọ̀kadà, kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.
- Ìrora náà ń jí i lóru, ó sì ń rù láìmọ ìdí.
- Ọmọdé ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ òkè yìí. Tí ọmọ ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún bá ń tiro, tí ìgbáròkó ń dùn ún, tó sì jẹ́ SS (ìyẹn ẹni tó ní àìsàn sickle cell), ẹ má ṣe ra oògùn oríkèé kankan fún un kó tó ya X-ray. Àìsàn náà lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí egungun itan, kí egungun náà sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Kò sí hóró egungun adìẹ tàbí ti màlúù tó lè ṣe nǹkan sí èyí. Bí wọ́n bá tètè rí i, àwọn dókítà eegun, irú àwọn tó wà ní UNIOSUN Teaching Hospital níbí, mọ ohun tí wọ́n lè ṣe kí orí egungun náà tó wó. Oṣù mẹ́fà tí èèyàn fi ń gbé ìgò mì kì í padà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò, ẹ fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀

Iwájú ìgò, ìpolówó ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òótọ́ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Àwọn ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ nìyí:

Chondroitin. Inú egungun rírọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́: ọ̀nà ọ̀fun màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, tàbí shark, ẹja ńlá inú òkun. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò nínú ìwádìí jẹ́ 800 sí 1200 mg lójúmọ́.

Glucosamine. Èyí kì í sábà ti inú egungun wá. Ìkarahun edé àti alákàn ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn iléeṣẹ́ kan sì ń ṣe é láti ara àgbàdo. Òun àti chondroitin ni wọ́n máa ń kó sínú ìgò kan náà. Ìwọ̀n: 1500 mg lójúmọ́.

Collagen type II tí wọn kò sè. Collagen ni pùrótéènì tó so ẹran ara àti egungun pọ̀; inú egungun àyà adìẹ ni wọ́n ti ń yọ èyí. 40 mg péré lójúmọ́ ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tirẹ̀ dára jù nítorí pé ó kọ 1000 mg sí i. Ohun ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Collagen oníyẹ̀fun. Awọ àti egungun màlúù tàbí ti ẹja ni, wọ́n ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Nǹkan bíi gíráàmù 10 ni wọ́n máa ń pò mu lójúmọ́.

Egungun shark lílọ̀. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Wọ́n ti fi polówó fún jẹjẹrẹ rí. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára aláìsàn, kò ṣiṣẹ́. Fún oríkèé náà, ẹ̀rí kankan tó múná kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "serving size" sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ 1500 mg gàdàgbà síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn á sọ pé hóró mẹ́ta ló ní 1500 mg nínú. Ìgò oníhóró 60 yóò tán ní ogúnjọ́. Oṣù mẹ́ta tí a fẹ́ fi dán an wò yóò jẹ hóró 270, ìgò márùn-ún nìyẹn. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó sanwó ìgò àkọ́kọ́. Bí owó ìgò márùn-ún kò bá sí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìgò kan ṣoṣo kò lè sọ nǹkan kan fún yín.

Fún àwọn Mùsùlùmí, àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: "bovine" ni màlúù, "porcine" ni ẹlẹ́dẹ̀, "marine" ni ti inú òkun. Ẹ wo ọ̀rọ̀ "gelatin" náà, nítorí pé oògùn inú kápúsù lè jẹ́ ti adìẹ kí èèpo kápúsù fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Tí wọn kò bá kọ ibi tí ó ti wá, ẹ wá òmíràn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá síwájú ẹni tó fẹ́ tà á fún yín

Kí ẹ kó o wá nínú ọ̀rá, kì í ṣe kí ẹ máa júwe pé "èyí tó pupa róbótó yẹn". Kí ẹ sọ̀rọ̀ sókè tí ẹ bá ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

1. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Glucosamine àti chondroitin lè mú agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà láìdúró. Ẹni tó ń lo warfarin kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀.
2. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń ti glucosamine sulphate lẹ́yìn kó má baà bàjẹ́. Bí ẹ bá rí "NaCl" lára ìgò, iyọ̀ ọbẹ̀ nìyẹn, kò yẹ ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Bí ẹ bá rí "KCl", potassium ni, kò yẹ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa.
3. Àtọ̀gbẹ. Kò fi bẹ́ẹ̀ ń gbé ṣúgà sókè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ ṣúgà yín wò déédéé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.
4. Ara tó kọ edé tàbí alákàn. Tí edé bá ti mú ọ̀fun yín wú rí, ẹ yẹra fún glucosamine tó wá láti ara ìkarahun.
5. Glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú. Kí dókítà ojú yín gbọ́ sí i.
6. Ikọ́ fée, ìyẹn asthma.
7. Oyún, tàbí ọmọ lọ́mú. Ẹ má lò ó.
8. Iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún dókítà abẹ ṣáájú ọjọ́ náà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ibi tí ẹ ti máa rà á

Kẹ́mísì tí apòògùn wà nínú rẹ̀, tí ìwé àṣẹ sì wà lára ògiri. Kì í ṣe inú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ọláìyá lọ, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu lẹ́bàá Ọjà Ọba, kì í sì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ ìjọ tó sọ pé ẹ máa di olówó tí ẹ bá mú èèyàn mẹ́ta wá. Mi ò ní kí ẹ bá ọmọ ìjọ yín jà o. Ẹ kàn má ra oògùn níbi ìpàdé.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

- Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ẹ sì rí orúkọ kan náà nígbà tí ẹ wá a nínú Greenbook, àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí NAFDAC gbé jáde. Ẹni tó ń fi fóònù ra dátà lè ṣe é lórí ìdúró.
- Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ṣì jìnnà ju oṣù mẹ́ta lọ.
- Òǹtẹ̀ abẹ́ ìdérí kò tíì já.
- Orúkọ àti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ tó ṣe é wà níbẹ̀.
- Wọ́n kọ ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá kàn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ "proprietary blend", ẹ kò lè mọ ohun tí ẹ ń gbé mì.

Nọ́ńbà NAFDAC kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́ o. Ó kàn ń sọ pé ìjọba mọ̀ ọ́n ni.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dán an wò bó ṣe yẹ

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn 1583 tí orúnkún ń dùn jọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Àwọn kan gba glucosamine, àwọn kan gba chondroitin, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan gba celecoxib tó jẹ́ oògùn ìrora gidi, àwọn yòókù sì gba hóró òfìfo tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tí òun ń gbé mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nǹkan bíi 60 nínú 100 àwọn tó gba hóró òfìfo ni ìrora wọn ti fi ìdá kan nínú márùn-ún dín kù, ó kéré tán. Àwọn tó gba glucosamine àti chondroitin pọ̀? Bíi 67 nínú 100. Àlàfo náà kéré débi pé àwọn olùwádìí kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Ìpín kan láàárín wọn, àwọn tí ìrora wọn le, dà bí ẹni pé wọ́n jàǹfààní díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó láti fi ṣe ìpinnu. Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí àbájáde wọn dára jù èyí lọ; síbẹ̀, ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà sọ gbangba pé àwọn kò fọwọ́ sí i fún orúnkún àti ìgbáròkó.

Ẹ wo ìtumọ̀ èyí fún wa. Nígbà tí aládùúgbò bá ní "mo lò ó, mo gbádùn", kò parọ́. Ó gbádùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n làkúrègbé máa ń le, ó tún máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà tó bá le jù lọ ni èèyàn sì máa ń sáré ra oògùn. Ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ ní àkọsílẹ̀ tiyín.

1. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé kan. Ní alaalẹ́, ẹ fún ìrora ní máàkì: 0 ni kò dùn rárá, 10 ni kò ṣeé fara dà. Tí Màmá kò bá mọ̀wé, ọmọ ilé kan ni kó máa kọ ọ́, kó sì máa béèrè ní àkókò kan náà.
2. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́ta tí ó máa ń ṣòro fún ẹni náà. Fún àpẹẹrẹ: dídìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, gígun òkè kan lọ́nà Òkè-Baálẹ̀, ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun. Ẹ kọ ọ́ bí ó bá rọrùn, bí ó bá ṣòro, tàbí tí kò bá ṣeé ṣe.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ òun nìkan. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ àgbo tuntun, ìpara tuntun tàbí hóró mìíràn lọ́sẹ̀ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́.
4. Ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ tó bá jẹ́ glucosamine tàbí chondroitin, kó má baà da inú rú. Ti collagen adìẹ oní-40 mg, inú òfìfo ni, kí ẹ tó sùn ló rọrùn jù.
5. Ẹ lò ó lójoojúmọ́. Kì í ṣe oògùn tí à ń lò nígbà tí ó bá dùn wá nìkan. Kò ní ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ kejì.
6. Ẹ má fi kún un torí pé ó ń pẹ́. Hóró mẹ́fà dípò mẹ́ta kò ní yá a. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ẹ̀fọ́rí ni yóò mú wá.
7. Ẹ má dá oògùn dókítà dúró nítorí rẹ̀.

Ẹ fi sí ibi tí oòrùn kò dé. Ẹni tó gbàgbé ìgò sínú mọ́tò lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn ti sè é.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ ìpinnu

Tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ ṣí ìwé yín. Tí máàkì bá ti wálẹ̀ pẹ̀lú méjì ó kéré tán, tí iṣẹ́ kan nínú mẹ́ta yẹn sì ti rọrùn sí i, ẹ lè tẹ̀ síwájú bí agbára yín bá gbé e. Èmi máa ń sọ pé kí wọ́n dá a dúró fún oṣù kan nígbà tó bá yá, kí wọ́n wò ó bóyá ìrora á padà. Tí kò bá padà, ẹ kò nílò rẹ̀. Tí máàkì bá wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má gba "ó kù díẹ̀ kó wọ̀ yín lára" lẹ́nu ẹni tó ń tà á.

## Ìkìlọ̀: èyí tó bá yá jù, ẹ fura sí i

Àfikún oúnjẹ gidi kì í mú arúgbó jó lọ́jọ́ kejì. Tí hóró kan bá lé ìrora ọdún mẹ́wàá lọ láàárín ọjọ́ méjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da oògùn gidi sínú rẹ̀ láìsọ. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa àwọn àfikún oríkèé kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Artri King àti Artri Ajo King. Wọ́n bá diclofenac, oògùn ìrora, àti dexamethasone, oògùn steroid, nínú wọn, tí kò sí lára ohun tí wọ́n kọ sí ìgò. Ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ nínú, àti ikú pẹ̀lú.

Ohun kan náà ni mo ń bẹ̀rù nínú hóró aláràbarà tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré fún "ara ríro". Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ ṣọ́:

- ojú tó wú, tó rí róbótó
- ebi àjẹtúnjẹ, ara tó ń sanra láìròtẹ́lẹ̀
- ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ga lójijì
- inú tó ń ta, ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà

Tí ẹ bá rí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má kàn dá a dúró lójijì fúnra yín. Ẹni tó ti ń gba dexamethasone fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ lè ti dẹ́kun ṣíṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan, ó lè dákú. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé ìgò tàbí ọ̀rá náà lọ fún dókítà. Ìgbẹ́ dúdú kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀ rárá.

## Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, bóyá ẹ ra ìgò o, bóyá ẹ kò rà

Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ìwọ̀nyí ju ti inú ìgò lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Tí ẹ bá ti ń ṣe wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ẹ máa bá wọn lọ bẹ́ẹ̀.

Okun itan. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ síwájú, ẹ ka oókan dé márùn-ún, ẹ gbé e sílẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó lè dùn díẹ̀. Ìyẹn kò burú, àfi tí ìrora bá ṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ di ọjọ́ kejì.

Ìwúwo ara. Kílò kan tí ẹ bá dín kù, bíi kílò mẹ́rin ẹrù ló kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìjókòó. Àwọn ìyá alákàrà àti aládìrẹ wa ń jókòó sórí àpótí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé àpótí náà ga, kí ẹ gbé agbada tàbí abọ́ aró ga pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò lè forí kanlẹ̀, àyè wà fún un láti kírun lórí àga.

Ọ̀pá. Ọwọ́ òdìkejì orúnkún tó ń dùn ni kí ẹ fi mú un. Ọ̀pọ̀ ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà mú un.

Ìpara diclofenac. Fún orúnkún àti ọwọ́, ó sàn ju kí ẹ máa gbé hóró diclofenac mì lójoojúmọ́, pàápàá fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru.

## Méjì tí wọ́n máa ń béèrè kẹ́yìn

Ṣé bọ̀kọ́tọ̀ àti pọ̀nmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ kan náà? Collagen wà nínú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé inú, ara ń fọ́ ọ bí ó ṣe ń fọ́ ẹran yòókù ni, kò ní ọ̀nà tààrà sí orúnkún. Ẹ jẹ ẹ́ torí pé ó dùn, ẹ wo iyọ̀ àti ọ̀rá inú ọbẹ̀ náà, kí ẹni tó ní gout sì má ṣe sọ ẹran di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Mo ti ra ayédèrú. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì dá a padà fún ẹni tó tà á kó má lọ tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ tọ́jú ìgò, hóró tó kù àti rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà báàṣì rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní Òṣogbo.